Orí Bíbẹ́ Kọ́ Loògùn Orí Fífọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Èémí Ojú Oorun

Ọ̀rọ̀ oorun gan-an ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ kì í ṣe oorun tí a ń sùn nínú kíláàsì. Kò sí ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ tí a kò ti ní rí ẹnì kan tí ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. A máa ń fi irú wọn ṣẹ̀rín. Àwọn àgbà wa nílé náà ń hanrun, a sì máa ń sọ pé oorun àsùnwọra ni wọ́n ń sùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú àwọn tí ń hanrun, a rí àwọn kan tí èémí wọn ń dá dúró lójú oorun. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń tọ́jú wọn. Ẹ̀rọ náà dára, àmọ́ ó ní ìyọnu tirẹ̀, ìyọnu yìí ló sì ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé e jù sábẹ́ ibùsùn. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nìyẹn.

KÍ LÓ Ń DÁ ÈÉMÍ DÚRÓ?

Bí ènìyàn bá ti sùn, gbogbo ara a dẹ̀, ọ̀fun náà a sì dẹ̀. Lára àwọn kan, ahọ́n àti ẹran ọ̀fun a wó lé ọ̀nà èémí, ọ̀nà a sì dí. Àyà ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò wọlé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ogún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọpọlọ a ta ẹni náà jí díẹ̀. A fa èémí pẹ̀lú ariwo bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ, a sì padà sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní rántí ohunkóhun.

Àwọn dókítà a máa ka iye ìgbà tí èémí dúró tàbí tí ó dín kù gan-an láàárín wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ 5 sí 14, wọ́n á ní kò tíì le. Bí ó bá jẹ́ 15 sí 29, ó ti kúrò ní kékeré. Bí ó bá tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti le nìyẹn. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ 30, tí ó sì sun wákàtí méje, ìgbà 210 ni ọ̀fun rẹ̀ ti bá a jà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣé a wá lè sọ pé ẹni bẹ́ẹ̀ sùn? Ìdí nìyí tí orí fi ń fọ́ ọ láàárọ̀, tí ó fi ń tòògbé lọ́sàn-án, tí ó ń gbàgbé nǹkan, tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò sì tètè gbọ́ oògùn. Bí ó bá jẹ́ awakọ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo èrò inú ọkọ̀.

ẸNI TÓ RONÚ ẸRỌ NÁÀ

Ọ̀jọ̀gbọ́n Colin Sullivan, dókítà ará Ọsirélíà, ni ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ náà ní ìlú Sydney. Ní 1980 ni ó kọ́kọ́ dán an wò lára aláìsàn, nígbà tí ó sì di 1981, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet pé àwọn ti lò ó fún ènìyàn márùn-ún. CPAP ni orúkọ rẹ̀, ẹnu àwọn nọ́ọ̀sì a sì máa pè é ní síípáàpù. Kì í ṣe ọ́síjìn ló ń fúnni o. Atẹ́gùn inú yàrá gan-an ló ń fà, tí ó ń fẹ́ ẹ gba inú rọ́bà gígùn lọ sínú ìbòmú tí ènìyàn dè mọ́ ojú. Agbára atẹ́gùn yìí ló ń ṣe bí òpó tí a fi gbé òrùlé ró: kì í jẹ́ kí ọ̀fun wó. Dókítà ló ń pinnu iye agbára tí ó yẹ kí ẹ̀rọ lò, láti 4 dé 20 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò fún un.

Kí ẹ lè mọ̀ pé ìyọnu ìbòmú kò bẹ̀rẹ̀ lónìí, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ ìbòmú mọ́ ojú àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ ní alaalẹ́. Ẹ̀rọ ìgbà náà sì ń pariwo gan-an. Tòde òní ti rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kò tíì rọrùn bí ìrọ̀rí.

IYE WÁKÀTÍ LÓ ṢE PÀTÀKÌ

Ẹ̀rọ yìí kì í wo àìsàn náà sàn pátápátá. Alẹ́ tí a bá lò ó ló ń ṣiṣẹ́, alẹ́ tí a bá bọ́ ọ sílẹ̀, ọ̀fun a padà sí ìwà rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí wọ́n sábà fi ń mọ ẹni tí ń lò ó dáadáa ni wákàtí mẹ́rin ó kéré tán, ní alẹ́ méje nínú mẹ́wàá. Ìwádìí ńlá kan jáde ní 2016 lórí àwọn ènìyàn 2,717 tí wọ́n ti ní àrùn ọkàn tàbí ti iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ náà dín oorun ọ̀sán wọn kù, ó sì mú ara tù wọ́n, ṣùgbọ́n kò dín ìkọlù ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ kù láàárín wọn. Iye tí wọ́n ń lò ó ní alẹ́ kan, tí a bá pín in dọ́gba, kò ju wákàtí mẹ́ta lé díẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ti béèrè láti ìgbà náà pé bí wọ́n bá lò ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́? Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ ìyọnu ẹ̀rọ kò fi yẹ kí a fi ṣeré. Ohunkóhun tí ó bá ń mú kí ènìyàn bọ́ ọ ní agogo kan òru, ó ti jí lára ìwòsàn rẹ̀ kó lọ.

Mo ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tí ń wakọ̀ láti Kàdúná sí Ìlọrin. Owó tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ tiwọn kò kéré. Kò pé oṣù kan tí ẹ̀rọ fi wọ abẹ́ ibùsùn. Wọ́n ní ó ń gbẹ àwọn lẹ́nu, ó sì ń fẹ́ inú àwọn bí bọ́ọ̀lù. Wọn kò sọ fún dókítà, wọn kò sọ fún ọmọ, wọ́n sì ń wa ọkọ̀ wọn lọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n tó là á sọ nílé ìwòsàn, ìbòmú mìíràn àti àtúnṣe díẹ̀ lára ẹ̀rọ ni gbogbo rẹ̀ gbà. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ẹ jẹ́ ká wá mú àwọn ìyọnu náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. ẸNU ÀTI IMÚ GBÍGBẸ

Èyí wọ́pọ̀ gan-an, àwa tí a sì wà ní Òkè Ọya mọ̀ pé nígbà ọyẹ́, ètè ẹni tí kò lo ẹ̀rọ kankan pàápàá ń là. Ṣé ẹ wá rí i bí ó ṣe máa rí fún ẹni tí atẹ́gùn ń fẹ́ lu ọ̀fun láti alẹ́ dé òwúrọ̀? Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní ike omi kékeré kan tí iná ń mú lọ́ wọ́ọ́wọ́, kí atẹ́gùn lè rin díẹ̀ kó tó dé imú. Àwọn mìíràn kò mọ̀ pé ó wà lára tiwọn, àwọn mìíràn kò tàn án rí. Ẹ tàn án, kí ẹ sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tẹ́ni lọ́rùn.

Omi tí a ń bù sí i ni omi distilled tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn. Pure water inú ọ̀rá kì í ṣe omi yìí, ohun tí àwọn tó ń ṣe bátìrì ọkọ̀ ń tà kò sì yẹ fún èémí ènìyàn. Bí a kò bá rí i lálẹ́ ọjọ́ kan, omi tí a sè tí ó ti tutù sàn ju omi ẹ̀rọ lásán lọ. Láàárọ̀, ẹ da èyí tó kù nù, ẹ fọ ike náà, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Bí ó bá jẹ́ ẹnu nìkan ló ń gbẹ, ó ṣeé ṣe kí ẹni náà máa la ẹnu sùn, kí atẹ́gùn tó gba imú wọlé máa gba ẹnu sá jáde. Ìgbànú rírọ̀ kan wà tí wọ́n fi ń gbé àgbọ̀n ró, ìbòmú ńlá tó bo imú àti ẹnu pọ̀ sì tún wà. Bí omi bá wá ń dà jọ sínú rọ́bà tó ń ta sí ojú, ẹ dín ọ̀rinrin ẹ̀rọ kù, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ sí ibi tó rẹlẹ̀ ju ibùsùn lọ.

2. IMÚ DÍDÍ ÀTI Ọ̀FÌNKÌN

Atẹ́gùn gbígbẹ lè mú kí imú wú kó sì dí. Omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan a máa ràn án lọ́wọ́. Omi iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún imú náà dára. Bí a bá sì fẹ́ pò ó nílé, omi tí a ti sè ni kí a lò. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn tí a ń fín sí imú tí ń là á lójú ẹsẹ̀. Bí a bá lò ó ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, imú a tún padà dí ju ti tẹ́lẹ̀. Oògùn mìíràn wà tí dókítà lè kọ fún ẹni tí imú rẹ̀ ń dí ṣáá.

Ẹ má gbàgbé asẹ́ atẹ́gùn ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ekuru ọyẹ́ a máa sọ ọ́ di dúdú kíákíá. Èyí tó ṣeé fọ̀, ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tí kò ṣeé fọ̀, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù, tàbí kó tó pé oṣù bí ekuru bá pọ̀.

3. ÌBÒMÚ TÍ Ń JÒ, EGBÒ ORÍ IGI IMÚ

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí ìbòmú kò bá bá ojú mu, atẹ́gùn a máa jò, a máa fẹ́ sí ojú, ojú a sì pọ́n láàárọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á fa okùn rẹ̀ le. Bí wọ́n bá ṣe ń fà á le, bẹ́ẹ̀ ni egbò ń yọ lórí igi imú, bẹ́ẹ̀ ni ìbòmú ń yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Orí ìdùbúlẹ̀ ni kí a ti máa wọn okùn, kì í ṣe lórí ìjókòó, nítorí ojú ènìyàn a máa yí padà bí ó bá dùbúlẹ̀. Kí ẹ̀rọ máa fẹ́ atẹ́gùn bí a ti ń wọ̀n ọ́n.

Kí a fọ ojú ká tó sùn, nítorí òróró ojú a máa mú kí ìbòmú yọ̀. Mo mọ̀ pé nígbà ọyẹ́, kò sí ọmọ ilé ire tí kì í fi faslín tàbí òrí pa ojú. Ẹ jẹ́ kó di àárọ̀. Òróró a máa ba rọ́bà ìbòmú jẹ́. Ẹni tó ní irùngbọ̀n púpọ̀ náà lè gbìyànjú ìbòmú kékeré tó jẹ́ pé ihò imú nìkan ló ń kan. Bí egbò bá ti yọ, ẹ fi han dókítà, kí ẹ sì béèrè irú ìbòmú mìíràn, nítorí oríṣiríṣi ló wà.

4. INÚ TÓ KÚN FÚN ATẸ́GÙN

Àwọn kan a máa gbé atẹ́gùn mì lójú oorun. Ilẹ̀ á mọ́, inú á le bí ìlù, wọ́n á máa gùfẹ̀, wọ́n á sì máa ṣe èyí tí mi ò ní kọ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa. Kì í sábà jẹ́ ohun tó léwu, àmọ́ ó ń dójú tini. Sísùn ní ẹ̀gbẹ́, gbígbé orí sókè díẹ̀, àti kí oúnjẹ alẹ́ má pẹ́ jù, a máa dín in kù. Bí kò bá dín kù, agbára ẹ̀rọ lè ti pọ̀ jù. Dókítà lè dín in kù, tàbí kó fúnni ní irú èyí tí ń dín agbára rẹ̀ kù nígbà tí a bá ń mí síta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fúnra yín yí agbára ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni padà.

5. ÀYÀ JÍJÁ

Àwọn mìíràn, bí wọ́n bá ti de ìbòmú báyìí, yóò dà bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Àyà á máa já, wọ́n á fà á yọ. Ìwà ọmọdé kọ́ nìyẹn o, ó ń ṣe àgbàlagbà. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí ẹni náà kọ́kọ́ máa gbé ìbòmú lásán sójú lọ́sàn-án, láì so ó mọ́ ẹ̀rọ, bí ó ti ń gbọ́ rédíò tàbí tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Bí ó bá ti mọ́ ọn lára, kí ó so ó mọ́ ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí ìjókòó. Lẹ́yìn náà, kí ó fi sun oorun ọ̀sán. Ìgbà náà ni kí ó tó di ti alẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tún ní bọ́tìnnì kan tí ń jẹ́ kí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó máa lágbára sí i bí oorun ti ń gbé ènìyàn lọ. Oògùn oorun àti ọtí kì í ṣe ojútùú; ṣe ni wọ́n tún ń mú kí ọ̀fun dẹ̀ sí i.

BÍ INÁ BÁ LỌ ŃKỌ́?

Ìyọnu yìí kò ṣàjèjì sí àwa tí a ń gbé ní Nàìjíríà. Bí iná bá lọ lóru, kí a bọ́ ìbòmú kúrò lójú. Bí iná kò bá padà dé, kí a fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kí a gbé orí sókè; ìyẹn sàn ju kí a fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lọ. Ẹni tó ní ínfátà tàbí bátìrì, kí ó pa ibi tí ń mú omi gbóná, nítorí òun ló ń jẹ iná jù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lè lo bátìrì, àmọ́ àfi pẹ̀lú ohun ìsopọ̀ tí wọ́n ṣe fún un. Ẹ má ṣe fi wáyà lásán so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ wá ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mo ti ní atẹ́gùn inú yàrá ni ẹ̀rọ ń fà. Bí èéfín jẹnẹrétọ̀ bá wọ yàrá, èéfín náà ni yóò fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó sùn. Asẹ́ ẹ̀rọ ń dá ekuru dúró, kò lè dá májèlé èéfín dúró. Ẹ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kó má sì sí lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń sùn.

ẸRỌ TÒKUNBỌ̀

Nítorí ọ̀wọ́n owó, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń rà, tàbí kí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ránṣẹ́. Kò burú, àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní oṣù kẹfà 2021, ilé iṣẹ́ Philips Respironics kéde pé kí wọ́n dá ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹ̀rọ wọn padà, nítorí pé fóòmù tó ń dín ariwo kù nínú wọn lè jẹrà, kí ègé rẹ̀ máa wọ inú èémí. Àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú òpin oṣù kẹrin 2021 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, DreamStation àkọ́kọ́ sì wà lára wọn. Nọ́ńbà ara ẹ̀rọ ni a fi ń mọ̀. Bí tiyín bá wà níbẹ̀, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kíákíá kí ẹ tó mọ èyí tí ẹ máa ṣe. Ní 2022, ilé iṣẹ́ náà tún kìlọ̀ nípa irin òòfà inú àwọn ìbòmú wọn kan fún ẹni tó ní ẹ̀rọ nínú ara, bí irú èyí tí ń ran ọkàn lọ́wọ́. Bákan náà, ọṣẹ tí kò le àti omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ti tó fún fífọ ìbòmú lójoojúmọ́ àti rọ́bà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má fi bíliìṣì fọ̀ ọ́.

IṢẸ́ TIWA

Ìwé ìlò ẹ̀rọ yìí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí ẹyin eèrà. Ta ni yóò kà á fún bàbá àti ìyá bí kì í bá ṣe àwa tí wọ́n ń ta ilẹ̀ rán níwèé? Bí a bá dé ilé ní ìsinmi, tí a rí ẹ̀rọ nínú àpótí, ẹ má ṣe pariwo lé àgbà lórí. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo gan-an ló ń yọ yín lẹ́nu lára ẹ̀rọ yìí?" Bí wọ́n bá ti lè dárúkọ ìyọnu náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ bá wọn gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí imú bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tí kò dá, tí etí ń dunni, tàbí tí àyà ń ro wọ́n, kí ẹ má fi falẹ̀ rárá.

Fún àwa tí a wà ní yàrá ìgbé, bí ẹlẹgbẹ́ wa bá ń hanrun tí èémí rẹ̀ sì ń dúró, tí ó ń fò dìde bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, ẹ yé sọ bàtà lù ú. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún un láàárọ̀, nítorí òun alára kò lè rí i. Ẹ sì gbà á níyànjú kó lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí Elédùmarè jẹ́ ká máa sùn ká máa jí, kí èémí wa má dá lójú oorun. Ire o.